Àpèkọ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Adìẹ

Òwúrọ̀ tí mo ti pinnu pé ìṣirò ìdá la máa ṣe gan-an ni àwọn òròmọdìẹ tuntun dé. Awakọ̀ tó kó wọn wá fun fèrè lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé páálí lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú páálí náà ń pariwo bí ọjà tí òjò ká mọ́. Mo gbé e wọ yàrá ìgbàlejò, mo gbé e kalẹ̀ lábẹ́ gílóòbù tí ọkọ mi so rọ̀ láti òkè àjà lọ́dún tó kọjá, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ti ẹnu wọn bọ omi kí wọ́n lè mọ ibi tí omi wà. Èyí tí a kò bá fi omi hàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òùngbẹ lè pa á síwájú omi náà. Bí òròmọdìẹ ṣe rí nìyẹn.

Lọ́yà jókòó sídìí tábìlì, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò mí.

"Àǹtí, ṣé kí n wá bá yín ṣe é?"

"Ṣe iṣẹ́ tí mo fún ọ."

"Mo ti ṣe é tán."

"Tún un ṣe."

Ó yán. Kì í ṣe yíyán ẹni tí oorun ń kùn. Yíyán ẹni tí nǹkan ti sú títí dé egungun ni, tó sì fẹ́ kí ará ilé mọ̀.

Lọ́yà kọ́ lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò jẹ̀bi ẹjọ́ kankan rí. Bó bá fọ́ ife, tábìlì ló tẹ́ jù. Bó bá da omi nù, ilẹ̀ ló wà níbẹ̀ tí kò gbà á. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí. Èmi kọ́ ni mo bí i. Ìyá tó bí i kú nígbà tó ṣì ń rákò, ó sì ti ń sáré kiri, ó ti ń bá àgbà jiyàn, kí n tó wọlé bàbá rẹ̀. Àǹtí ló kọ́kọ́ pè mí, Àǹtí náà ló sì ń pè mí dòní. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ó láti yí i padà.

Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kì í wọ ojú ọ̀nà wa mọ́, ilé-ìwé sì jìnnà kọjá ohun tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè rìn. Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi gba àṣẹ pé ilé ni a ó ti máa kọ́ ọ. Òun ló ń kọ́ ọ láàárọ̀ kó tó lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, èmi ni mo ń bójú tó adìẹ. Ó yé kálukú ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Èmi mọ adìẹ. Ọkọ mi mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn odò kan láti orísun rẹ̀ títí dé òkun, tí ọmọ á fi gbàgbé pé ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́, tí oúnjẹ àárọ̀ á fi tutù. Ó kú nígbà tí òtútù mú jù lọ. Àìsàn tí a pè ní ikọ́ lásán ló mú un lọ.

Mi ò sunkún. Àwọn tó wá kí mi ń wo ojú mi, wọ́n ń dúró, wọ́n sì ń lọ pẹ̀lú ẹ̀hónú díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè wá síbi tí kò sí nǹkan. "Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀," ni mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Wọ́n ṣeun. Àmọ́ kò sí òógùn kankan lábẹ́ ìyẹ́ tèmi. Ara mi kú ni. Ó rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí dókítà eyín ti gún lábẹ́rẹ́: èèyàn á fọwọ́ kàn án, á mọ̀ pé tòun ni, ṣùgbọ́n kò ní jọ tiẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ onínúfùfù láti ilé bàbá mi, èmi tí ọkọ mi máa ń sọ pé òun ò nílò aago láti jí òun níwọ̀n ìgbà tí èmi bá wà nílé, mi ò rí ohùn tí mo lè fi bú èèrà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé nílùú ńlá. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó pè mí sínú ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn, àmọ́ kò tì í dáadáa.

"Ìyàwó," ó ní, "mi ò wá gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ o. Àmọ́ ọmọ àbúrò mi ò gbọ́dọ̀ dàgbà síbi tó jẹ́ pé adìẹ nìkan ló máa mọ̀ kà. Tí òtútù bá lọ, màá wá. Màá dán an wò. Tó bá ṣì wà níbi tí bàbá ẹ̀ bá a dé, kó máa bá ẹ gbé. Tó bá ti rẹ̀yìn, màá mú un lọ sọ́dọ̀ mi."

Mo ní ó dáa. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Lọ́yà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí kò bá sin adìẹ rí kò lè mọ ohun tí àsìkò yẹn ń gbà lára èèyàn. Bí òtútù bá ti ń lọ, tí ojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, adìẹ tó ti ń ṣe ojú fúrú láti ìgbà yìí á ṣàdédé rántí pé òun lè yé ẹyin, gbogbo wọn á sì rántí lọ́jọ́ kan náà. Koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ tó ti dì mọ́ra wọn nílẹ̀ ilé adìẹ látìgbà òtútù, èèyàn gbọ́dọ̀ fi ṣọ́bìrì hú u jáde. Wáyà tó já, ká so ó kí akátá tó rí i. Àwọn kan á fẹ́ sàba. A ní àgbébọ̀ kan tí a ń pè ní Ìyá Ìjọ, torí bó ṣe máa ń fẹ̀ jókòó bí ẹni tó ni àga iwájú. Ìyá Ìjọ kò mọ ẹyin yàtọ̀ sí òkúta. Lọ́dún kan, ó sàba lé ọwọ́ ilẹ̀kùn kan tó bọ́, ó sì ń ṣọ́ ọ tọkàntọkàn, ó ń ṣá ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárín gbogbo èyí, ọmọ gbọ́dọ̀ kàwé. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé kí Lọ́yà jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo dojú rẹ̀ dé lẹ́yìn wáyà, kó gbé ìwé lé orúnkún. Èmi á wà nínú ilé adìẹ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, màá máa pe àpèkọ jáde láti orí. Ọwọ́ kan, iṣẹ́ méjì. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ kìíní tí mo wo ohun tó kọ, ohun tí mo rí nìyí, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára gan-an: "Odò náà ṣàn gba àárín ìlú kọjá, kúrò lórí ẹsẹ̀ mi ìwọ aláìgbọràn, ó sì já sínú òkun, ta ló tún ṣu sínú omi yìí."

Gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu mi ló kọ. Kò ṣèèṣì. Ó gbé ìwé náà fún mi, ó sì dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń dúró de ìjà. Lọ́dún tó kọjá, ariwo tí ǹ bá pa, àwọn ará ọ̀nà ìsàlẹ̀ ì bá gbọ́ ọ, bàbá rẹ̀ ì bá sì ti wọ yàrá lọ fi ìrọ̀rí bo ẹnu kí n má baà gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Mo fa ìlà sábẹ́ ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

"Ó dáa," mo ní. "Ọ̀la, ohun tí mo bá sọ fún ọ nìkan ni kó o kọ."

Ó gba ìwé rẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀ kó tó lọ.

Ó ń gbìyànjú oríṣiríṣi lẹ́yìn ìyẹn. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, adìẹ mẹ́rin wọ ilé ìdáná, wọ́n gun orí tábìlì. Mo lé wọn jáde, mo nu tábìlì. Ó fi ìdajì ọ̀sán kọ orúkọ ara rẹ̀ sí gbogbo ojú ìwé ìṣirò. Mo fún un ní ìwé mìíràn. Ó ní ìwé ọmọ kékeré ni mo ń fi kọ́ òun, pé bàbá òun ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Òótọ́ ló sọ. Mo ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀ náà, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ tèmi mọ.

Ọ̀rọ̀ òkúta ló wá tẹ̀ lé e. Nínú ọpọ́n omi àwọn òròmọdìẹ, a máa ń to òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí omi má baà jìn. Òròmọdìẹ ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Oorun lè gbé e níbi tó ti ń mu omi, kó dojú kọ omi, kó sì kú síbẹ̀. Lọ́yà mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí mo wà níta tí mo ń so wáyà, ìwé sú u, ó kó gbogbo òkúta náà, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó fi wọ́n ṣe etí odò, ó fi aṣọ àwọ̀ búlúù kan ṣe omi láàárín wọn. Nígbà tí mo wọlé, òròmọdìẹ méjì ló ti kú nínú ọpọ́n. Wọ́n tutù, wọ́n kéré, wọ́n jọ òwú tí èèyàn fún omi kúrò lára rẹ̀.

Lọ́yà rí wọn nígbà tí mo rí wọn. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà.

"Ó dáa," mo ní. "Lọ mú ṣọ́bìrì wá."

"Ẹ ò ní sọ nǹkan kan ni?"

"Kí ni kí n sọ? Wọ́n ti kú."

A sin wọ́n sẹ́yìn ilé. Kò wá àwíjàre kankan, kò ní ọpọ́n ló jìn jù. Ó ń retí nǹkan lọ́wọ́ mi, mo rí i kedere pé ó ń retí rẹ̀, mo sì wá a nínú ara mi, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti máa ń mú un jáde ti ṣófo. A fọwọ́, a jẹun.

Bí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dá ṣe ń sún mọ́lé, mo ń sọ fún ara mi pé kò sí ewu. Ọmọ yìí mọ̀ ju ohun tí mo ń kọ́ ọ lọ, ohun tó ń sú u gan-an nìyẹn. Á yege ìdánwò náà bó tilẹ̀ di ojú. Àmọ́ mo tún ń ro apá kejì. Bí wọ́n bá mú un lọ, á ku èmi àti adìẹ nínú ilé yìí. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ìyẹn dùn mí. Mo ń dúró dè é pé kó dùn mí, bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì tí kò gba ibẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ẹnu àpèkọ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti wá bá wa.

"Ọba náà ní ìránṣẹ́ mẹ́ta," mo ń pè é láti inú ilé adìẹ. "Èkíní gbọ́n púpọ̀. Ìyá Ìjọ, dìde lórí ṣọ́bìrì yẹn. Èkejì lágbára."

"Ṣé Ìyá Ìjọ wà lára ìránṣẹ́ ọba ni?" ohùn kan bi mí láti ẹnu géètì.

Ẹ̀gbọ́n ni, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ àti bàtà ìlú ńlá nínú ẹrẹ̀ wa. Mo kí i káàbọ̀. Ó dá mi lóhùn, ó dì mọ́ Lọ́yà, ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wo ìwé tó wà lórí orúnkún ọmọ, ó wo ìgbẹ́ adìẹ tó ta sí etí ìwé náà. Kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ olùkọ́ mọ̀ pé ibi tí wọn kò ti sọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n ti ń fi máàkì sílẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó nu tábìlì fúnra rẹ̀, ó yọ ìbéèrè tó ti kọ sílẹ̀ jáde nínú báàgì, ó gbé bírò kalẹ̀. "Má kánjú, ọmọ mi," ó ní. Lọ́yà jókòó. Èmi dúró nídìí omi, mo ń nu ẹyin, ẹ̀yìn ni mo wà sí wọn.

Ibi tí mo ti fẹ́ gbé àwo ẹyin sórí sẹ́ẹ̀fù ni mo ti kọjá lẹ́yìn àga rẹ̀. Mo rí ohun tó kọ. Méje lọ́nà mẹ́jọ, ó ní mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sọ ìdajì àti ìdá mẹ́rin di ìdá mẹ́fà. Ìsàlẹ̀ ìyẹn, ó ní odò máa ń ti inú òkun ṣàn lọ sórí òkè.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwo ẹyin. Lọ́yà kò wẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó rẹwà yẹn kọ èyí tó kàn, kò tọ̀nà, ó sì bọ́ sí òmíràn. Kò ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan a máa dúró, a máa jẹ ìdí bírò. Èyí ń lọ wéré.

Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mi ò sọ ọ́. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọmọ ti mú ọ̀nà tirẹ̀, ó fẹ́ máa lọ, ta sì ni èmi tí màá dì í mú. Mo gbé ẹyin sórí sẹ́ẹ̀fù.

Ẹ̀gbọ́n ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

"Ìyàwó, ẹnì kankan ò ní bá ẹ wí. Ohun tí ojú ẹ ti rí kì í ṣe kékeré. Lọ́la, èmi àtiẹ̀ a jọ máa lọ. Kó o lè sinmi."

"Ó dáa, mà," mo ní.

Lọ́yà tẹ orí ba. Ẹ̀gbọ́n ní kó lọ kó aṣọ rẹ̀ jọ.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo jáde lọ ti àwọn adìẹ mọ́lé. Iṣẹ́ àwa méjèèjì ni: èmi á máa dà wọ́n wọlé, òun á máa kà wọ́n lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mi ò pè é. Ó jáde wá fúnra rẹ̀, ó dúró síbi tó máa ń dúró sí. Ó kà wọ́n, wọ́n pé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi irin sí i.

"Méje lọ́nà mẹ́jọ," mo ní.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta."

"Kí ló wá dé tó o kọ nǹkan míì?"

Ó fọwọ́ kan irin ilẹ̀kùn, bí ẹni tó ń wò ó bóyá mo tì í dáadáa.

"Mo rò pé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn, kí n máa lọ."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Tẹ́lẹ̀, ẹ máa ń bínú sí mi." Kò wo ojú mi, ó ń fi èékánná ha igi ilẹ̀kùn. "Látìgbà tí Dádì ti kú, ẹ ò bínú sí mi rárá. Ohun tí mo bá ṣe, ó dáa. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń ṣe sí àwọn ọmọ tó ń bá ìyá wọn wá ra ẹyin. Wọ́n á fọ́ ẹyin, ẹ á ní ó dáa. Ọmọ ọlọ́mọ lèèyàn kì í bínú sí. Mo wá ní tó bá jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ ni mí, kí n tètè lọ kí ẹ tó ní kí n máa lọ."

Mi ò mọ ìgbà tí mo mú un lápá. Mi ò mọ̀ pé ohùn yẹn ṣì wà nínú mi.

"Ìwọ," mo ní, "ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé? O jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ, o ní odò ń ṣàn gun òkè? O fẹ́ dójú tì mí. O fẹ́ dójú ti bàbá ẹ tó jókòó sídìí tábìlì yẹn láràárọ̀ tí tíì ń tutù lójú ẹ̀. O pa òròmọdìẹ méjì torí pé ìwé sú ẹ. Ìwé á sú ẹ, màá sì fún ẹ ní òmíràn. Ọmọ ọlọ́mọ wo? Ta ni ọlọ́mọ náà? Fi í hàn mí. Ìgbà tí ibà mú ẹ tó o bì sí mi láyà, ọlọ́mọ wo ló wá gba aṣọ náà fọ̀? Bọ́ síwájú mi, ilé là ń lọ."

Adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í han nínú ilé wọn. Mo fà á gba àgbàlá kọjá, ọ̀kan nínú bàtà rẹ̀ bọ́, mi ò dúró. Ẹ̀gbọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ọmọ tó ń bá a dì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, ìyàwó?"

"Ẹ jókòó, mà. Irọ́ ló kọ fún yín. Ẹ fún un ní ìwé míì."

Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga. Mo ti bírò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Láti orí èkíní," mo ní. "Tó o bá ṣi ẹyọ kan, àárọ̀ máa bá ẹ níbí."

Ó bẹ̀rẹ̀. Omijé ń já bọ́ sórí tábìlì, ó ń fi apá aṣọ nù ún, èjìká rẹ̀ ń mì, mi ò sì lè sọ bóyá ẹkún nìkan ni. Ẹ̀gbọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń kà á bó ṣe ń kọ ọ́. Ó kà á dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kìíní, ó gbé báàgì ọmọ náà kalẹ̀ lórí àga.

"Kò rẹ̀yìn," ó ní. "Ó ti kọjá ibi tí bàbá ẹ̀ bá a dé. Èmi nìkan ni màá lọ lọ́la." Lẹ́yìn náà, ó wò mí. "Ariwo yẹn, mo gbọ́ ọ látinú yàrá. Àbúrò mi máa ń sọ nípa ẹ̀ lórí fóònù. Ó ní tóun ò bá gbọ́ ọ lójúmọ́, ara òun ò ní yá."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọkọ mi kú. Mo ti ń sọ ọ́ lẹ́nu láti ìgbà òtútù, mo ti ń fọwọ́ sí ìwé lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo di etí tábìlì mú, mo jókòó sílẹ̀, ẹkún tó jáde kì í ṣe ẹkún àgbà. Ẹ̀gbọ́n wá jókòó tì mí lórí ilẹ̀, pẹ̀lú aṣọ rere tó wọ̀, ó di orí mi mú.

Lókè wa, bírò ṣì ń dún lórí ìwé. Lọ́yà ń kọ ọ́ lọ, torí mi ò tí ì ní kó dúró.